Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Bí a bá bi òbí léèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé, “Iṣẹ́ dókítà ni.” Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn kan tí ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní 1948 ni a dá a sílẹ̀, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà ni Chinua Achebe wọ ibẹ̀ láti kọ́ ìṣègùn. Nígbà tí ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn. Owó ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́ rẹ̀ bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́. Ní 1958, ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé. Christopher Okigbo náà fi ìṣègùn sílẹ̀ fún èdè Látìn àti Gíríìkì. Ó di akéwì pàtàkì. Ìṣirò ni Grace Alele-Williams kọ́. Ní 1985, òun ni obìnrin kìn-ín-ní tí ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ibi tí ẹ̀bùn ọmọ yín wà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi èyí ṣe àwáwí ọ̀lẹ: Achebe kò sá fún ìwé, ìwé ni ó lọ bá.