ADRIAN ARÁ ÁFÍRÍKÀ, OLÙKỌ́ ÌJỌ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ọ̀rọ̀ tí Kátíkíìsì àgbà kan sọ níbi àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa

 

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ọdún yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ìtàn àwọn tí ó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìsìn yìí lélẹ̀ ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Ìtàn náà dára, ẹ ó sì kà á ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí láti ọwọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun mìíràn ni ó wà ní ọkàn mi. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kátíkísímù, mo sọ fún wọn pé àwọn òyìnbó ni ó mú ìhìnrere wá fún àwọn bàbá wa. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, "Bàbá, ta ni ó mú un lọ fún àwọn òyìnbó?" Mo dá a lóhùn pé Augustine ni, láti Róòmù, ní ọdún 597, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ èmi náà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n. Ìdáhùn náà kì í ṣe èké, ṣùgbọ́n kò pé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìyókù rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ san fún ọmọ náà lónìí, bí òun pàápàá tilẹ̀ ti di bàbá ọmọ.

Gregory, tí ó jẹ́ Póòpù ní Róòmù láti ọdún 590 títí di 604, ni ó rán Augustine àti àwọn mọ́ńkì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé pọ̀ láìgbéyàwó àti láìní ohun kan ní tiwọn, lábẹ́ òfin kan àti bàbá kan tí a ń pè ní ábọ́tì. Àdúrà, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà ni iṣẹ́ wọn. Ní ayé ìgbà náà, ilé wọn ni ilé-ìwé, òun náà sì ni ilé tí àlejò àti aláìsàn ń sá sí.

Kí wọ́n tó dé ibi tí a rán wọn, ẹ̀rù bà wọ́n ní ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Gaul, èyí tí a ń pè ní Faransé lónìí. Wọ́n rán Augustine padà lọ bẹ Póòpù pé kí ó má ṣe rán àwọn lọ bá ènìyàn rírorò, abọ̀rìṣà, tí àwọn kò gbọ́ èdè wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀! Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ nípa àwọn bàbá tiwa náà. Gregory kò gbà fún wọn. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀, tí wọ́n tó bí 40, pẹ̀lú ògbufọ̀ láti ilẹ̀ Gaul, Ethelbert, ọba Kent, gbà láti rí wọn, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ó jókòó sí, nítorí a ti kìlọ̀ fún un pé bí àlejò bá ní oògùn lọ́wọ́, abẹ́ òrùlé ni oògùn náà ti ń mú ènìyàn. Olorì rẹ̀, Bertha, ọmọ ọba kan ní ilẹ̀ Gaul, ti jẹ́ onígbàgbọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́dọ̀. Nítorí náà, obìnrin ni ó kọ́kọ́ gba àdúrà Kristi ní ààfin náà. Mo fi èyí sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá.

Ọba gba ìrìbọmi, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹfà ọdún 601, Gregory kọ̀wé sí ọba pé kí ó wó gbogbo ilé òrìṣà palẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ó tún kọ̀wé sí Mellitus, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, pé òun ti tún ọ̀rọ̀ náà rò: kí wọ́n run ère, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ilé náà sílẹ̀, kí wọ́n yà á sí mímọ́, kí àwọn ènìyàn lè máa bọ̀ síbi tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀, àti pé màlúù tí wọ́n ti ń pa fún òrìṣà, kí wọ́n máa pa á jẹ ní ọjọ́ ọdún ìjọ pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run. Ẹ̀yin Àlùfáà wa mọ̀ pé àríyànjiyàn yìí kò tíì tán láàrin wa. Ó wú mi lórí pé Póòpù kò tijú láti yí ìdájọ́ ara rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò tíì mú ilẹ̀. Ní ọdún 616, Ethelbert wàjà. Ọmọ rẹ̀ Eadbald, tí kò tíì ṣe ìrìbọmi, ṣú ìyàwó bàbá rẹ̀ lópó, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí padà sẹ́yìn. Ní London, àwọn ọmọ ọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tọ Mellitus lọ, ẹni tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní kí ó fún àwọn ní àkàrà funfun tí ó máa ń fún bàbá àwọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi. Wọ́n ní omi kò wu àwọn, àkàrà ni àwọn ń fẹ́, wọ́n sì lé e kúrò ní ìlú. Laurence, tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà lẹ́yìn Augustine, ti di ẹrù tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní òru tí ó kù kí ó lọ, ó sùn nínú ilé ìsìn, Pétérù mímọ́ sì fara hàn án, ó nà án ní pàṣán. Ní òwúrọ̀ ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ han ọba, ìbẹ̀rù sì mú ọba, ó ronúpìwàdà. Bede ni ó sọ bẹ́ẹ̀, mọ́ńkì Jarrow tí ó parí ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 731. Èmi kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 655, Deusdedit di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ lórí ìtẹ́ Canterbury, ọdún 58 lẹ́yìn tí Augustine dé. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 664 ni ó gba ìgbà rẹ̀ dé, òun àti ọba Kent sì kú ní ọjọ́ kan náà. Wọ́n yan ọmọ ilẹ̀ mìíràn, Wighard, wọ́n rán an lọ sí Róòmù kí a lè fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àrùn náà pa á níbẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó bá a lọ. Ìjọ tí kò tíì pé 70 ọdún wá dàbí ilé tí bàbá kú tí àrẹ̀mọ sì tẹ̀lé e.

Nígbà náà ni Póòpù Vitalian ránṣẹ́ sí Adrian, ábọ́tì ilé mọ́ńkì kan nítòsí Naples. Bede kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nípa ẹni tí ó jẹ́: ará Áfíríkà ni nípa ìran, ó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú, ó sì mọ èdè Gíríìkì àti Látìnì lọ́gbọọgba.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ju ohun tí ìwé sọ lọ. Nígbà tí àwọn ará Róòmù ìgbà náà bá wí pé Áfíríkà, ilẹ̀ etí òkun àríwá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ilẹ̀ tiwa. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òde òní rò pé agbègbè Kírénè ni ó ti wá, ní ilẹ̀ Líbíà, ìlú Símónì tí ó ru àgbélébùú Olúwa, àti pé nígbà tí àwọn Lárúbáwá gba ibẹ̀ ni ó rékọjá sí Ítálì. Bí ó ti wù kí ó rí, ọmọ Áfíríkà ni, Bede tí ó kọ ọ́ kò sì rí i bí ohun ìyanu rárá.

Wọ́n fi ìtẹ́ Canterbury lọ̀ ọ́. Ó ní òun kò yẹ. Ó dárúkọ mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Andrew, ṣùgbọ́n ara ọkùnrin náà kò le. Wọ́n tún padà tọ̀ ọ́ wá, ó sì mú Theodore jáde, ará Tarsu, ìlú Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, arúgbó ẹni ọdún 66. Póòpù gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí Adrian bá a lọ, nítorí ó ti rin ọ̀nà Gaul lẹ́ẹ̀mejì rí, àti pé kí ó máa ṣọ́ Theodore kí ó má baà kó àṣà àwọn ará Gíríìkì wọ inú ìjọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n tún fi dúró kí irun orí Theodore lè hù, nítorí ó ti fá a kanlẹ̀ ní ti ìlà-oòrùn, tí Róòmù sì fẹ́ kí a gé e bí adé yí orí ká. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ kò ní sọ pé èyí yà yín lẹ́nu.

Wọ́n kúrò ní Róòmù ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 668; ọdún kan gééré lẹ́yìn náà ni Theodore tó wọ Canterbury. Adrian kò bá a wọlé. Ebroin, alágbára ìjòyè kan ní Gaul, dá a dúró, ó fi í pè ní amí ọba Gíríìkì. Nígbà tí wọ́n kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ó sì dé, ó gba ilé mọ́ńkì Pétérù àti Pọ́ọ̀lù mímọ́, lẹ́yìn odi ìlú Canterbury.

Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe níbẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ni ní Ìwé Mímọ́, ní ọgbọ́n ewì, ní ìmọ̀ ìràwọ̀, àti ní ìṣirò tí a fi ń mọ ọjọ́ Àjíǹde. Bede wí pé ní ìgbà tirẹ̀, àwọn kan ṣì wà láàyè nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí wọ́n gbọ́ Látìnì àti Gíríìkì bí èdè tí a fi bí wọn. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn kò ṣègbé. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Bischoff àti Lapidge, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994. Nígbà tí wọ́n ka Númérì débi bàrà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń ṣàárò, olùkọ́ ní bàrà ìlú Edessa tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ràkúnmí kan fi agbára káká gbé méjì. Nínú àkọsílẹ̀ mìíràn, wọ́n dé ibi ẹyẹ àìmọ́ kan nínú Léfítíkù. A túmọ̀ rẹ̀ sí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn inú àbàtà, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ síbẹ̀ pé Adrian sọ pé ẹyẹ funfun etí òkun ni, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ọmọ Áfíríkà tí ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá orúkọ ẹyẹ ní èdè wọn! Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìtumọ̀ Bíbélì rí yóò mọ irú òógùn tí ó wà níbẹ̀.

Theodore kú ní 690, ẹni ọdún 88. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀, Berhtwald, ọmọ ilẹ̀ náà ni, láti ìgbà náà ọmọ ilẹ̀ ni ó sì ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìran. Mo ń rò ó mọ́ tiwa: nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú ní 1891, òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tún gba àlejò lẹ́yìn ọmọ ilẹ̀ wọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àlejò tí wọ́n gbà kọ́ ọmọ ilẹ̀ títí wọn kò fi nílò àlejò mọ́. Kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ń rán ajíhìnrere kọjá òkun.

Adrian gbé tó ọdún 40 láàrin wọn, ó sì kú ní 709 tàbí 710. Ní 698, nígbà tí ó ṣì wà láàyè, Carthage ṣubú, ìlú Cyprian tí a pa nítorí ìgbàgbọ́ ní 258. Ìjọ tí ó bí Cyprian àti Augustine ti Hippo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parẹ́ ní ilẹ̀ náà. Àwọn kan a máa wí pé idà ni ó pa á. Èmi kò gbà pé idà nìkan ni, nítorí Íjíbítì pẹ̀lú bọ́ sábẹ́ àwọn Lárúbáwá, ìjọ Kóptíkì sì wà níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n ti ní Ìwé Mímọ́ ní èdè ìlú wọn. Ní Carthage, Látìnì ni wọ́n fi ń sìn, a kò sì tíì rí Bíbélì kankan tí a túmọ̀ ní ìgbà náà sí èdè àwọn ará oko àti àwọn ará òkè ibẹ̀. Nítorí èyí ni ìwé Róòmù tí Crowther tẹ̀ jáde ní èdè wa ní 1850 fi ṣe iyebíye lójú mi ju gbogbo òkúta tí a ti tò sí ara ilé yìí.

Àwọn tí ó sọ ìtàn Adrian fún wa, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó bí wọn. Albinus, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ó jẹ ábọ́tì lẹ́yìn rẹ̀, ni Bede dárúkọ pé ó rọ òun jù lọ láti kọ ìwé ìtàn náà, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ Kent ránṣẹ́ sí òun.

Ilé mọ́ńkì náà ni wọ́n sin Adrian sí. Ọba Henry kẹjọ ti ilé náà pa ní 1538, ó sì di àwókù. Ní 1848 a ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì sí orí ilẹ̀ náà láti máa kọ́ àwọn ajíhìnrere tí ń lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a mú Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a ti kó lẹ́rú rí, wọ inú ilé ìsìn ńlá Canterbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Longley sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Láti ibi tí ó kúnlẹ̀ sí dé ibi tí a sin Adrian, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn odi. Ọjọ́ Pétérù mímọ́ sì ni ọjọ́ náà.