ALÙPÙPÙ BÀBÁ WA
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ àpò owó ẹgbẹ́ wa, Port Harcourt

 

Ìgbìmọ̀ ìfilọ́lẹ̀ ni ó ní kí àwa ọmọ ilé kan wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn Yorùbá tí ó ti gbé ìlú yìí ṣáájú wa. A rò ó títí, a sì rí i pé èyí tí àwa mọ̀ dájú nínú ìtàn náà, ara alùpùpù kan ṣoṣo ni ó rọ̀ mọ́. Nítorí náà, alùpùpù ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láyè.

Gbogbo wa mọ̀ pé Port Harcourt kì í ṣe ìlú àtijọ́ bí Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Láàárín ọdún 1912 sí 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ dó, Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt pè é, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun nígbà náà. Èédú Enugu ni wọ́n fẹ́ kó dé etí omi. Ní ọdún 1916 ni ojú irin so ìlú méjèèjì pọ̀. Ibi tí rélùwéè bá sì dé, ẹ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Akọ̀wé dé, téló dé, oníṣòwò dé. Bàbá wa, ọmọ Ọ̀fà, wà lára àwọn tí iṣẹ́ rélùwéè gbé wá. Diobu ni ó ń gbé, ẹ̀bá èbúté ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ọ̀nà náà kò sì kúrú fún ẹni tí ó ní láti dé ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọdún 1959 ni bàbá ra máṣìnì. Máṣìnì ni àwọn àgbà ìgbà náà ń pe alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà kò tíì sí. BSA Bantam ni, oríṣi D7. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni ó jẹ́ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní Bantam ládùúgbò, òun ni wọ́n ń ké sí bí aboyún bá ń rọbí lóru, òun ni wọ́n ń rán bí tẹligíráàmù bá dé láti ilé. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é wà ní Birmingham, ìbọn ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó máa ṣe alùpùpù. Kódà, kì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán Bantam. Ilé iṣẹ́ DKW ní Jámánì ni ó ni ín. Nígbà tí Jámánì pàdánù ogun ní 1945, àwọn tí ó ṣẹ́gun pín àwòrán náà bí ẹni pín ìkógun. BSA gbé tiwọn jáde ní 1948, Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde, àwọn ará Rọ́ṣíà náà ṣe tiwọn. Ní 1955, Yamaha ti Japan ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ wọn lórí àwòrán kan náà. Nítorí náà, kí alùpùpù bàbá wa tó dé Diobu rárá, ogun kan ti kọ́kọ́ ṣí i nípò. Ogun kejì ṣì ń bọ̀ wá bá a níbí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjokòó yìí rántí ọdún 1966. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìgbò nípakúpa ní Àríwá, Ọ̀gágun Ojukwu, tí ó jẹ́ gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, pàṣẹ ní oṣù kẹwàá ọdún náà pé kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn máa lọ, nítorí òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ààbò wọn mọ́. Bàbá wa ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, ó ní ẹrù. Kò sí bí alùpùpù ṣe lè bá wọn lọ. Ó tà á fún aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Ìgbò kan tí ó ń ṣe káfíńtà. Owó náà kò tó ìdajì iye tí bàbá fi rà á, ṣùgbọ́n káfíńtà náà san án lójú ẹsẹ̀, ó sì bá wọn gbé ẹrù dé ìdíkọ̀. Bàbá sọ èyí fún wa títí ó fi kú ní Ọ̀fà. Kò bínú sí ẹni tí ó ra máṣìnì. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé, "Ó wù mí kí n mọ ibi tí ó parí sí."

Ìyẹn ni ó mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bàbá ti kú, ṣùgbọ́n ó fi ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan sílẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni, kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin alùpùpù náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ó rà á. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́: nọ́ńbà pálétì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbójú lé. Pálétì a máa yí padà bí ìjọba bá ti ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè tú u kúrò. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára irin lọ́rùn, nísàlẹ̀ ibi tí a ti ń darí ọkọ̀, òun ni í dúró.

A kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ìwé ọkọ̀ wà. Wọ́n sọ fún wa pé kò sí ìwé kankan tí ó ṣáájú ogun. A dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì àgbà ní Mile 3. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ sí ìgbèríko láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ti fi òfin de ọ̀kadà nígboro ní ọdún 2009. Àwọn tí ó kù rántí Bantam, ṣùgbọ́n wọn kò rántí ti bàbá wa. A béèrè lọ́dọ̀ àwa Yorùbá fúnra wa bóyá ẹgbẹ́ àwọn bàbá wa láyé ọjọ́un fi ìwé orúkọ sílẹ̀, kí a lè rí ẹni tí ó bá wọn gbé ládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàárín ara wa: a kò rí ojú ìwé kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀nà ti là ni ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò. Bàbá ti kọ orúkọ ìlú káfíńtà náà sínú ìwé rẹ̀. A lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Aba. Wọ́n gbé ìwé ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí bọ̀ láti ìgbà tí ogun ti parí ní 1970: orúkọ, iṣẹ́, àdírẹ́sì, ẹni tí ó kú, ẹni tí ó jogún. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí a fi jókòó sí pálọ̀ àwọn ọmọ káfíńtà náà.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa mú wa dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Benjamin Adekunle gba Port Harcourt, bàbá tiwọn náà kó ìyàwó àti ọmọ, ó sá. Bí bàbá tiwa ti ṣe fi ilé sílẹ̀ ní 1966, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó ra máṣìnì lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe fi ilé sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Kò sì padà. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilé tí a fi sílẹ̀ ní ìlú yìí, òfin 1969, àti ìjà tí ó ti ibẹ̀ wá. A kò ní tú u palẹ̀ níbi ìnáwó. Àwa ti wá ń ronú tẹ́lẹ̀ pé àwa nìkan ni ó pàdánù nǹkan. Àwọn náà ti ń wá ohun tiwọn. Wọ́n ní bàbá wọn fi alùpùpù náà sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìkwèrè kan, ó ní kí ó tọ́jú rẹ̀ de òun.

Ọmọ iṣẹ́ náà gbọ́n. Ó mọ̀ pé bí ọmọ ogun bá rí alùpùpù, wọn yóò gbé e. Ó tú táyà rẹ̀ sọ́tọ̀, ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọ́tọ̀, ó to pákó lé irin rẹ̀ lórí. Nígbà tí ogun parí, ó tò ó padà, ó sì gùn ún fún ọdún púpọ̀, títí apá rírọ́pò fi di ohun tí a kò rí rà mọ́. BSA ti wó lulẹ̀ ní nǹkan bí 1972 sí 1973. Honda àti Suzuki ni ó gba títì. Ó wá gbé Bantam jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ti di opó, ni a bá níbẹ̀.

A fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọrùn irin náà, a fi ṣọ́ọ̀kì pa á, nọ́ńbà sì yọ: D7, àti èyí tí ó tẹ̀lé e, bí bàbá ti kọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá a mu. Àbúrò wa kan ní a jẹ́ pé kì í ṣe òun nìyẹn. Opó náà ṣàlàyé pé ọkọ òun ra ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i nígbà tí ti àkọ́kọ́ kú. Síbẹ̀ a kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan mọ. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vintage Motor Cycle Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946. Wọ́n ní ìwé tí BSA fi ń kọ alùpùpù tí ó bá jáde ní ilé iṣẹ́ sílẹ̀. A kọ lẹ́tà sí wọn, èsì wọn sì fi hàn pé Nàìjíríà ni wọ́n fi nọ́ńbà irin tiwa ránṣẹ́ sí. Ẹ má ṣe sọ pé àṣejù ni. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, wọ́n fẹ́ ta alùpùpù tí wọ́n lò nínú fíìmù Easy Rider ní gbàǹjo ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, ni ẹlòmíràn bá jáde pé ojúlówó wà lọ́wọ́ òun. Ẹnìkan náà ni ó ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún alùpùpù méjèèjì! Ọ̀rọ̀ ẹnu ń fò lọ; ohun tí a kọ ni í jókòó.

A wá bẹ màmá pé kí ó ta máṣìnì náà fún wa. A fi owó gidi lọ̀ ọ́. Ó ní rárá. Ó ní ẹ̀yìn alùpùpù náà ni ọkọ òun gbé òun sí dé ọsibítù láti lọ bí àkọ́bí òun. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ ń wá ni ohun tí èmi ń tọ́jú." Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a fi owó kún owó. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó ní bàbá tà á, ẹni tí ó rà á sì san owó. Káfíńtà fi sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ sì tọ́jú rẹ̀ ju bí àwa ìbá ti tọ́jú rẹ̀ lọ. Kí ni a ó wá pe ara wa tí a bá fi owó fa ìrántí opó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

A fi í sílẹ̀ fún un. A kọ ìwé àdéhùn kan, ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i: bí wọn yóò bá tà á lọ́jọ́ kan, ilé wa àti ilé káfíńtà ni wọn yóò kọ́kọ́ ké sí. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ títí di òní pé ó yẹ kí a ti gbé e lọ sí Ọ̀fà. A kò bá wọn jà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìdí tí a fi sọ gbogbo èyí ni pé ìwé méjì ni ó mú wa dé ibẹ̀: ìwé bàbá wa, àti ìwé ẹgbẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Tí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ni a gbójú lé, ìbá ti tán síbẹ̀. Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yìí ní ìwé orúkọ tí ó péye, tí yóò máa kọ ìlú, iṣẹ́, àdírẹ́sì àti àrólé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbé ìlú yìí ṣáájú 1966 jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ ìtàn yín sílẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ wà láyé. Ẹ̀kẹta, kí nínú owó tí a ó dá lónìí, a yọ iye kan fún kọ́bọ́ọ̀dù irin àti yàrá kan tí òjò kò ní jò sí, tí ìwé wọ̀nyí yóò máa wà.

Ilé wa yóò bẹ̀rẹ̀: àwa ni a ó ra ìwé ńlá àkọ́kọ́, orúkọ bàbá wa ni yóò sì wà ní ojú ìwé kìíní, pẹ̀lú nọ́ńbà alùpùpù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wá fi tiyín sí i.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Port Harcourt yóò tòrò fún wa, yóò tòrò fún onílé, yóò tòrò fún àlejò.