Ẹ Gé Èyí Tó Pọ́n

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gba fíríìdọ̀mù iṣẹ́ mẹ́káníìkì lónìí, ẹ kú oríire.

Sípánà ti mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ẹni tó gun ọ̀pẹ gíga, gbogbo ìdì ẹyìn tó pọ́n ló ń gé kó tó sọ̀. Kì í fọwọ́ kan èyí tí kò pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni títú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wo Toyota Sienna 1998 sí 2003 tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jó. Tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ kò ṣeé sọ̀ láìtú bẹ́líìtì táímìn. Abẹ́ bẹ́líìtì yìí ni pọ́ǹpù omi wà, bẹ́líìtì náà ló sì ń yí i. Toyota ní kí a máa pààrọ̀ bẹ́líìtì náà ní 90,000 máìlì. Bí ẹ bá ti tú u débẹ̀, tí ẹ bá bá pọ́ǹpù àtijọ́, ó ti pọ́n nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àti bẹ́líìtì, àti ọ́ìlì síìlì iwájú.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo dá irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ padà, kí owó oníbàárà má baà pọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Gbogbo ohun tí mo tú ni mo tún tú, lọ́fẹ̀ẹ́. Oníbàárà náà kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Àánú tí mo rò pé mo ṣe é ló kó bá a.

Bí ẹ bá ti sọ tọ́ọ̀pù sílíńdà kalẹ̀, ẹ gbé irin tó tọ́ lé e, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀. Bóòtù tó ti nà, ẹ má fi dè é padà. Ẹ fi tẹmọ́sítáàtì tuntun sí i. Ẹ má yọ ọ́ sọnù bí àwọn kan ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n alternator tó ń ṣiṣẹ́ kò tíì pọ́n. Ìta ló wà. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ọwọ́ yín á tó o. Ẹni tó kó irú rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ ja oníbàárà lólè.

Kí ẹ tó ra páàtì, ẹ pe onímọ́tò, ẹ sọ iye rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ kó ògbólógbòó rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọkọ̀ tí ẹ bá tún ṣe kò ní kú sójú ọ̀nà. Ẹ ó gùn ún re, ẹ ó sì sọ̀ láyọ̀. Àmín.