Ẹ̀rọ Ń Jẹ́ Iṣẹ́ Ẹrú Bí Ẹrú
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Toronto

A dúpẹ́ lọ́wọ́ alága àti ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní kí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni ẹ máa ń retí lẹ́nu wa: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. A ó fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni a gbé wá, nítorí ohun kan tí a gbọ́ nídìí àwo ìrẹsì ní ìpàdé tí ó kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àárín ìlú ni a jọ ń jẹun. Ọmọ dáadáa ni, òun náà ni ó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe. Bí ó ti ń jẹun ni ó ń sọ èrò rẹ̀ nípa ẹ̀rọ àti ìgbé ayé, bí ẹni ń ṣeré. Nǹkan mẹ́ta ni ó sọ. Ó ní kò sí ìdí tí ènìyàn fi ń há nọ́ńbà fóònù sórí mọ́. Ó ní ẹ̀rọ kì í purọ́, ènìyàn ni ó ń purọ́. Ó ní láti ìgbà tí a ti lè rí ojú ara wa lórí fóònù, ìbẹ̀wò ti di ohun àtijọ́. Kí ni a ń wọ bọ́ọ̀sì méjì nínú yìnyín fún? A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí kò bá ohun tí ojú wa ti rí lẹ́nu iṣẹ́ mu.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ bá ẹ̀rọ jà. Àwa tí a dàgbà ní ilé kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 mọ ohun tí ojú rí. NITEL ni à ń dúró dè nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òkè òkun sọ̀rọ̀ yóò lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé tí ó ní fóònù, yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, owó á ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Toronto nígbà náà rántí káàdì ìpè tí a ń ha ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò já kí Màmá tó sọ orúkọ ẹni tí ó kú.

Àní, ilẹ̀ tí a jókòó sí yìí wà nínú ìtàn fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1876, Alexander Graham Bell gbọ́ ohùn láti Brantford nígbà tí òun wà ní ìlú Paris, èyí tí ó wà nínú Ontario níhìn-ín, kì í ṣe ti Faransé. Nǹkan bíi kìlómítà 13 ni ó wà láàrin ìlú méjèèjì. Ó lè gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n kò lè fi fóònù náà dá wọn lóhùn. Wáyà tẹligíráàfù ni ó fi fèsì. Láti ibẹ̀ ni a ti dé ibi tí ọmọ ti ń rí ojú ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú láti orí ibùsùn rẹ̀ ní Brampton. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ. Ẹ̀rọ ti ṣe wá lóore.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé ẹni tí a rán gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kún iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú gan-an ni yóò jẹ́ ẹ. Ibi tí ọgbọ́n ọmọ yẹ kí ó wà, àwa ni kí a dúró síbẹ̀. Èyí ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èrò mẹ́ta ọmọ wa yìí yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ẹ rántí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8, oṣù keje, ọdún 2022. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni nẹ́tíwọ̀kì Rogers ti dákẹ́ jákèjádò Kánádà. Iṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe sí àárín gbùngbùn nẹ́tíwọ̀kì náà. Wọ́n yọ ìlànà kan tí ó ń ṣe bí asẹ́, tí ó ń dín ohun tí ń wọlé kù. Gbogbo rẹ̀ ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹ̀rọ inú kò sì lè gbé e. Ó ju mílíọ̀nù 12 oníbàárà tí ó kàn. Fóònù kò lọ, íntánẹ́ẹ̀tì kò lọ, Interac tí a fi ń sanwó ní ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, àwọn kan sì pe 911 tí ìpè wọn kò wọlé. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀rọ náà jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Wọ́n ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Kò bi wọ́n pé, ‘Ṣé ó dá yín lójú?’

Lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí i pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a mọ̀ lórí ni ti ara wa. Aládùúgbò tí fóònù tirẹ̀ ń lọ yá wa ní fóònù. A gbà á, a wò ó títí, a dá a padà fún un, nítorí a kò mọ nọ́ńbà ẹni tí a fẹ́ pè. Ẹ̀bi ta ni ìyẹn? Tiwa ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Kánádà nìkan ni irú rẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ bánkì sì dàrú pẹ̀lú rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í dúró de ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dákẹ́ kí a tó rí wàhálà yìí. Wọ́n á gbé ẹnì kan wá tí kò lè sọ̀rọ̀. Fóònù rẹ̀ wà lápò, gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú fóònù, ó sì ti tì í pa. A kò mọ ọmọ rẹ̀, a kò mọ oògùn tí ó ń lò. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni ó ń lò, tí ó ṣubú lórí yìnyín tí ó sì forí gbálẹ̀, dókítà ní láti tètè mọ̀. Ìwé pélébé kan nínú àpò owó rẹ̀ ìbá ti sọ ọ́.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń há ìka nígbà àrùn COVID-19 mọ ohun tí a ń wí. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Takuo Aoyagi, ni ó ronú kan ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́, láàrin ọdún 1970 sí 1975. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó ń tàn gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì ojú kò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mu lọ́nà kan, èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ kò tó ń gbà á mu lọ́nà mìíràn. Ẹ̀rọ náà á ṣírò ìyàtọ̀, á kọ nọ́ńbà jáde. Ohun rere ni, ó ti gba ẹ̀mí là káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú pẹ̀lú ń gba ìmọ́lẹ̀ mu. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan tẹ àbájáde ìwádìí kan sínú ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine. Wọ́n mú àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ orí ìka sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàrin 92 sí 96, wọ́n wá fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àyẹ̀wò 100 ti àwọn aláwọ̀ funfun, bíi 4 ni ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ ju 88 lọ tí ẹ̀rọ kò sọ. Nínú àyẹ̀wò 100 ti àwọn aláwọ̀ dúdú, bíi 12 ni. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 wọ́n tún gbé àbá jáde pé kí àwọn tí ń ṣe é máa fi ènìyàn púpọ̀ sí i, oríṣiríṣi àwọ̀, dán an wò.

Ṣé irọ́ ni ẹ̀rọ náà pa? Rárá o. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Àwọn tí ó rán an ni kò fi àwọ̀ tiwa kún iṣẹ́ náà tó.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé, ẹ̀rọ kan ni ó lè wà fún odidi wọ́ọ̀dù, bátìrì rẹ̀ sì lè ti kú. Àwọn sístà àgbà kọ́ wa pé kí a wo aláìsàn fúnra rẹ̀. Ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Wo inú ètè, ahọ́n àti èrìgì, nítorí awọ ara dúdú kì í tètè fi í hàn. Ṣé ó lè parí gbólóhùn kan kí ó tó mí? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara? Nígbà tí a dé Kánádà tí a rí ẹ̀rọ lórí ibùsùn gbogbo, a rò pé ẹ̀kọ́ yẹn ti di ohun ẹ̀yìn. Kò di ohun ẹ̀yìn. Ẹ lo ẹ̀rọ yín. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ móoru kí ẹ tó fi há a. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá sọ 95, tí bàbá yín sì ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò lè sọ̀rọ̀ parí, bàbá yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ pe 911.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀wò. Ìyá kan wà ní Scarborough. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ìtàn yìí láìdárúkọ òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Calgary, ọmọ rere sì ni wọ́n. Alaalẹ́ ni wọ́n ń pè é lórí fídíò. Ìyá á wé gèlè, á jókòó síbi tí iná ti mọ́, á rẹ́rìn-ín, á bi àwọn ọmọ-ọmọ bóyá wọ́n ti jẹun. Ní Sátidé kan, a gbé àmàlà àti ewédú lọ fún un. Bí ó ti dìde láti kí wa ni a rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wú débi pé sálúbàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta wà lórí àga gbọọrọ, a sì mọ̀ pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́.

A ní, ‘Mà, ó ti tó ọjọ́ mélòó tí ẹsẹ̀ yín ti rí báyìí?’

Ó ní, ‘Ẹ jókòó ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Yóò lọ sílẹ̀ tó bá yá.’

‘Ṣé àwọn ọmọ yín mọ̀, Mà?’

Ìyá wo fóònù tí ó wà lórí tábìlì. Ó ní, ‘Wọn ò bi mí. Ojú mi ni wọ́n ń rí.’

Ọkàn rẹ̀ ni kò fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ọjọ́ náà ni a gbé e dé ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ó padà sílé, ó ń lo oògùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fà. Nígbà tí a pe àwọn ọmọ, wọ́n sunkún. Wọ́n ní, ‘A máa ń rí Màmá lójoojúmọ́.’ Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ojú ni wọ́n rán fóònù pé kí ó fi hàn wọ́n, ojú ni ó sì fi hàn. Ẹni tí ó gbé àmàlà wá ni ó rí ẹsẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ há nọ́ńbà ẹni méjì sórí, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín ní tiyín. Ẹ kọ ìwé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kí irú rẹ̀ kan wà nínú àpò owó yín: orúkọ yín, àìsàn tí ẹ ní, oògùn tí ẹ ń lò àti iye rẹ̀, oògùn tí ara yín kò gbà, orúkọ dókítà yín, nọ́ńbà ẹni méjì tí a lè pè. Bí ẹ bá ń bá àwọn òbí yín sọ̀rọ̀ lórí fídíò, níbí tàbí ní ilé, ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù náà kiri. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn, ẹ wo inú fíríìjì, ẹ wo páálí oògùn. Bí ọ̀rọ̀ ìlera kan bá rú yín lójú tí kì í ṣe pàjáwìrì, ẹ pe 811 ní Ontario. Nọ́ọ̀sì ni yóò bá yín sọ̀rọ̀, tọ̀sán tòru, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹni tí ó bá sì ní àgbà nítòsí rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì méjì náà.

A ti bá ọmọ wa oníkọ̀ǹpútà sọ gbogbo èyí. Kò bá wa jiyàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìyá òun wà ní Ìlọrin, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí àwa kò mọ̀: pé a lè kọ orúkọ oògùn àti nọ́ńbà ọmọ ẹni sí ibi kan lórí fóònù tí nọ́ọ̀sì lè rí láìṣí títì rẹ̀. Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, òun yóò jókòó sí tábìlì kan láti bá yín tò ó sórí fóònù. Àwa yóò jókòó sí tábìlì kejì pẹ̀lú bírò àti ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú oògùn yín dání wá, nínú páálí rẹ̀. Kí Elédùà dá gbogbo wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a máa rí ara wa láti orí dé ẹsẹ̀.