Kí Á Bi Ọmọ Léèrè Kí Á Tó Fọwọ́ Síwèé
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, Ojoku)

 

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ó kan ẹ̀yáwó tí à ń yá láti rán ọmọ lọ kàwé lókè òkun. Bí ìyá bá wá yáwó fún ọmọkùnrin, ẹnjiníà tàbí kọ̀ǹpútà ló máa ń dá. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Bí a bá ní ta ló yàn án, wọ́n á ní, "Àwa náà ni."

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára o, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ọkùnrin náà lè ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe gèlè tàbí fìlà ló yẹ kó yan iṣẹ́ fọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1879 ni Christopher Sapara Williams di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó di 1933 kí Stella Thomas tó di lọ́yà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 54 ló wà láàárín wọn! Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, orin, aṣọ rírán àti ìtọ́jú ilé wà lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Síbẹ̀, òun ló ṣáájú àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta tí wọ́n fi kọ owó orí. Grace Alele-Williams ní tiẹ̀, ìṣirò ló dì mú. Ní 1963 ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀. Ní 1985 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọbìnrin kan wà tó mọ ìṣirò bí ẹni mowó. Nọ́ọ̀sì la ní kó lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa la sì ṣe onídùúró fún ìyá rẹ̀. Kò pé ọdún kan tó ní ojú òun kò gba ẹ̀jẹ̀, ló bá yí sí kọ̀ǹpútà. Owó ọdún àkọ́kọ́ wọgbó. Owó gààrí ni ìyá fi san gbèsè náà tán. Àwa náà jẹ̀bi, torí kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: kí onídùúró tó fọwọ́ síwèé, ẹ pe ọmọ wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kọ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹ wo èsì ìdánwò rẹ̀. Poli Ọ̀fà kò jìnnà, ẹ jẹ́ kó lọ bi àwọn olùkọ́ ibẹ̀.

Èlé kan náà là ń san, ì báà jọ́kùnrin, ì báà jóbìnrin. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.