Bí Ara Corvette Bá Sán

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ Corvette ní Flint, ní Michigan, lọ́dún 1953, 300 péré ni wọ́n ṣe, fáíbà sì ni wọ́n fi ṣe ara gbogbo wọn. Fáíbà kì í dípẹtà, kì í tẹ̀ wọnú bíi páànù. Sísán ló máa ń sán.

Àwọn kan á kàn fi pọ́tì dí ibi tó sán, wọ́n á kùn ún. Iṣẹ́ ojú ayé ni! Kò ní pẹ́ tí ìlà náà yóò tún fi yọjú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dáadáa, ẹ họ ọ̀dà kúrò níbi tó sán, kí ẹ fi sáńpépà fá ibẹ̀ títí yóò fi jin díẹ̀ láàárín bí àwo pẹlẹbẹ. Ẹ po résìn mọ́ hádínà. Bí hádínà bá pọ̀ jù, inú agolo ni yóò ti le mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ to aṣọ fáíbà léra síbẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ résìn náà wọ̀ ọ́ títí funfun rẹ̀ yóò fi pòórá. Ibi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Tó bá le tán, ẹ fá a kó dán, pọ́tì fẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀dà ló kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo imú àti ojú yín: eruku fáíbà ń yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.