Ẹ Fọ Ọ̀nà Èéfín Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín

Ẹ́ńjìnnì tí ẹ so mọ́ ìdí ọkọ̀, ọ̀nà kan náà ni èéfín àti omi tó ń mú un tutù ń gbà jáde. Iyọ̀ òkun a máa dì síbẹ̀. Bí ẹ bá ti òkun dé, ẹ yọ pùròpẹ́là, ẹ ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ dúróòmù omi tí kò níyọ̀, kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ìta gbangba ni o. Èéfín rẹ̀ ń pani nínú yàrá. Bí kò bá tọ omi jáde, ẹ pa á kíá, kí ẹ yọ ọ̀rá tàbí koríko tó dí ibi tó ti ń fa omi. Bí kò bá tọ̀ síbẹ̀, ẹ yẹ rọ́bà pọ́ǹpù rẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná jù lè gan mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín omi, kò sì sí mẹkáníìkì níbẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ yín á sunwọ̀n o.